Ìsinmi Àjíǹde: àwa ọ̀rẹ́ márùn-ún fẹ́ gba Kútọnu dé Lomé, ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Àṣàkẹ́Ifẹ̀
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Àwa ọ̀rẹ́ márùn-ún ni, obìnrin mẹ́ta, ọkùnrin méjì, a ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìdánwò sáà yìí ni. Dípò ká jókòó sílé ká máa tẹ fóònù, a ní ká gba ojú títì jáde: Kútọnu, Ouidah, Grand-Popo, Lomé, ká fi Accra kádìí ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan péré la ní. Kò sẹ́ni tó ti kúrò ní Nàìjíríà rí nínú wa, àfi ẹnì kan tí wọ́n gbé lọ sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) nígbà tó wà ní kékeré, búrẹ́dì gígùn nìkan ló sì rántí. Páṣípọ́ọ̀tì ti wà lọ́wọ́ ẹni mẹ́rin, ti ẹnì karùn-ún ń bọ̀ lọ́nà. Ṣé náírà ni ká kó lọ àbí ká ti ṣẹ́ ẹ nílé? Ṣé òkun ibẹ̀ ṣeé wẹ̀? Kí ni ká má dán wò? Ẹ jọ̀ọ́, owó ọwọ́ wa ò tó nǹkan, ẹ má fi wá ṣe yẹ̀yẹ́.

Bọ̀dáKútọnu
Àbúrò, ẹ káàbọ̀. Láàárín Èkó àti Kútọnu ni mo ti ń ṣòwò, nítorí náà ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí bodè, torí ibẹ̀ lowó àwọn èèyàn ti ń dànù kí wọ́n tó fojú kan òkun.

Ọmọ ECOWAS ni yín. Àdéhùn ọdún 1979 ló jẹ́ ká lè wọ ilẹ̀ ara wa láìgba físà, ká sì lo 90 ọjọ́. Ohun tí wọ́n máa béèrè ni páṣípọ́ọ̀tì tí ọjọ́ rẹ̀ ò tíì kọjá àti káàdì yẹ́lò tó fi hàn pé ẹ ti gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Ẹ̀ẹ̀kan láyé ni wọ́n ń gba abẹ́rẹ́ yẹn. Láti 2016 ni ọ̀rọ̀ pé kéèyàn tún un gbà lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá ti parí. Ẹ lọ gbà á níbi tí ìjọba ti ń fúnni, ẹ má ra èyí tí wọ́n ń tà ní gáréèjì.

Ní Sẹ̀mẹ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀, kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ ara yín lọ gba òǹtẹ̀. Awakọ̀ á ní, "Ẹ jókòó jẹ́ẹ́, ẹ kó páṣípọ́ọ̀tì wá, ẹ mówó wá, màá bá yín ṣe é." Ẹ ṣeun, ẹ má gbà. Òǹtẹ̀ méjì ni: ti àbájáde lọ́dọ̀ wa, ti àbáwọlé lọ́dọ̀ wọn. Bí ọ̀kan bá fò, ìgbà tẹ́ ẹ bá ń padà bọ̀ lẹ máa tó mọ iye tó ń jẹ́. Páṣípọ́ọ̀tì tuntun tí kò tíì sí òǹtẹ̀ kankan nínú rẹ̀ ni wọ́n máa ń tẹjú mọ́ jù, wọ́n á ní owó tirẹ̀ yàtọ̀. Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ mú káàdì ilé-ìwé jáde, ẹ ní akẹ́kọ̀ọ́ ni yín, kí ẹ sì béèrè rìsíìtì. Ẹ kan rọra dúró. Ẹni tó bá ń kánjú ló ń san jù, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kẹ́ ẹ débẹ̀ láàárọ̀, kì í ṣe nírọ̀lẹ́ tí ọkàn yín á ti máa lọ sọ́dọ̀ ibi tẹ́ ẹ máa sùn.

Ní ti owó: ẹ ṣẹ́ ìwọ̀nba tó máa gbé yín dé Kútọnu ní bodè, ẹ sì ka sẹ́fà wọn tán lọ́wọ́ yín kí náírà tó kúrò lọ́wọ́ yín. Sẹ́fà kan náà ni Benin àti Tógò ń ná, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún bá yín ṣẹ́ ẹ ní Hillacondji, bodè Benin àti Tógò. Ẹ wo ojú bébà náà dáadáa. BCEAO gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀, pẹ̀lú àwòrán ẹja kan tí eyín ayùn wà ní imú rẹ̀. Sẹ́fà Kamẹrúùnù náà sẹ́fà ni, ṣùgbọ́n BEAC ló wà lára tiyẹn, kò sì sí ìyá ọlọ́jà kan tó máa gbà á lọ́wọ́ yín ní Dantokpa, ọjà ńlá Kútọnu.

ÌyáÌbejìṢómólú
Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀rọ̀ bodè ti dáa. Ṣé àwọn òbí yín mọ̀ ṣá?

Àṣàkẹ́Ifẹ̀
Ẹ kúulé mà. Màmá mi mọ̀. Bàbá ni a ò tíì sọ fún.

ÌyáÌbejìṢómólú
Ẹ sọ fún un kẹ́ ẹ tó kúrò nílé o, kì í ṣe láti Lomé. Ẹ ya fọ́tò páṣípọ́ọ̀tì gbogbo yín, ẹ fi ránṣẹ́ sí ìyá méjì ó kéré tán, kí ẹ sì máa fi ibi tẹ́ ẹ bá sùn ránṣẹ́ lálaalẹ́. Ẹ̀yin obìnrin mẹ́ta, yàrá kan náà ni kẹ́ ẹ gbà, kẹ́ ẹ máa mú páàdì yín láti ilé. Oògùn ibà, oògùn inú rírun, iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò fún ẹni tí inú ń ṣe gbuuru, ẹ kó gbogbo rẹ̀ dání. Ẹni kan nínú yín ni kó máa tọ́jú owó oúnjẹ, kì í sì í ṣe èyí tó lẹ́nu dídùn jù.

Ṣẹ̀gilọlá
Ẹ yọ Accra kúrò. Mo mọ̀ pé ó dùn ún gbọ́ létí, ṣùgbọ́n ẹ ṣírò ó: ọ̀sẹ̀ kan, orílẹ̀-èdè mẹ́ta, bodè mẹ́ta lálọ, bodè mẹ́ta lábọ̀. Ìdajì ìsinmi yín ló máa lọ sórí ìjókòó ọkọ̀ àti ìlà òǹtẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wọ Gánà, sẹ́fà parí, sídì ló kù, ẹ tún máa ṣẹ́ owó, ẹ tún máa wá síìmù. Lomé ti tó òpin ìrìn fún ẹni tó ní ọjọ́ méje.

Kọ́láLegon
Ṣẹ̀gi, má fi ti ẹ ṣe ti gbogbo ayé. Accra tóbi, gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ, àwọn ọmọ yìí ò ní máa fọwọ́ júwe. Ọgbà ìrántí Kwame Nkrumah tí wọ́n tún ṣí ní 2023 dára gan-an, etíkun Labadi wà níbẹ̀, bí wọ́n bá sì lọ síwájú díẹ̀, odi Elmina wà níbẹ̀, tí àwọn Potogí kọ́ ní 1482. Ta ló ń lọ dé Lomé tí kò ní fò kọjá sí Aflao? Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń kọjá bodè yẹn!

Ṣẹ̀gilọlá
"Síwájú díẹ̀"? Láti Accra dé Elmina, ó ju wákàtí mẹ́ta lọ bí ojú ọ̀nà bá dì. Ìwọ gan-an ni ò ń fi ti ẹ ṣe ti gbogbo ayé, ìwọ tó ń gbé ibẹ̀.

Bọ̀dáKútọnu
Mo wà lẹ́yìn Ṣẹ̀gi. Kọ́lá ò parọ́, Accra dáa, ṣùgbọ́n ẹ fi sílẹ̀ fún ìgbà tẹ́ ẹ bá ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ wá dúró pẹ́ ní Grand-Popo.

ỌmọTarkwa
Ẹ béèrè bóyá òkun ṣeé wẹ̀, kò sì tíì sẹ́ni tó dáhùn. Inú omi ni mo ti ń ṣeré láti kékeré, ẹ gbọ́ mi dáadáa.

Òkun tó wà ní Èkó náà ló wà ní Kútọnu títí dé Lomé. Kò sí erékùṣù tó dí i lójú, kò sí àpáta tó ń pa ìgbì rẹ̀ lápá ibi tó pọ̀ jù. Etí rẹ̀ ga, ó sì dà gẹ̀ẹ̀rẹ̀: ẹ máa wọlé dé orúnkún, ẹ gbé ẹsẹ̀ méjì sí i, ilẹ̀ ti tán. Ìgbì tẹ́ ẹ̀ ń wò tó ń hó yẹn kọ́ ló ń gbé èèyàn lọ jù. Omi tí ìgbì kó wá sétí gbọ́dọ̀ wá ojú kan gbà padà sínú agbami, ojú yẹn ló sì ń ṣàn bí odò láàárín òkun. Ẹni tí kò mọ̀ á wo ọ̀gangan ibẹ̀, á rí i pé ìgbì ò fọ́ níbẹ̀, omi rẹ̀ kàn dúdú díẹ̀, tàbí kó máa fa iyanrìn lọ síta. Á ní ibi tó tòrò nìyí, ẹ jẹ́ ká wẹ̀ níbí. Ibẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ sá fún.

Bó bá gbé ẹnì kan nínú yín, kó má kọjú sí etíkun kó máa wẹ̀ bọ̀ tààrà. Agbára ẹni tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ jù pàápàá kì í tó o. Kó dùbúlẹ̀ sẹ́yìn, kó jẹ́ kí omi gbé òun, kó na ọwọ́ kan sókè. Bó bá lókun, kó máa wẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́, lápá ọ̀tún tàbí òsì, kó má jìnnà sí etíkun kó má sì sún mọ́ ọn, títí yóò fi kúrò lójú ìṣàn yẹn. Ìgbì fúnra rẹ̀ á wá máa tì í bọ̀ nílé. Ẹ̀yin tó wà lórí ilẹ̀, ẹ má bẹ́ lé e. Ẹ ju kẹ́ẹ̀gì òfìfo sí i, ẹ figbe ta, ẹ pe àwọn apẹja.

Àwọn apẹja yẹn lẹ máa kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ wọn níbi gbogbo tẹ́ ẹ bá dé. Bí wọ́n bá mi orí, ẹ jókòó sórí iyanrìn. Ẹ ò gbọ́dọ̀ wọ omi lálẹ́, ẹ ò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti mu sódábì, ọtí ọ̀pẹ ibẹ̀ tí agbára rẹ̀ tó ògógóró. Ẹni tó bá fẹ́ wẹ̀ ní tòótọ́, kó lọ sí adágún Tógò ní Agbodrafo, láàárín Aného àti Lomé. Omi ibẹ̀ dákẹ́. Ọkọ̀ kékeré tún ń gbéni sọdá lọ sí Togoville, ìlú tí wọ́n bá Jámánì ṣàdéhùn lórúkọ ọba rẹ̀ ní 1884.

Àṣàkẹ́Ifẹ̀
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an. Mo ti ka eléyìí fún gbogbo wọn. Ẹnì kan nínú wa tó ń ṣe bí ẹja ti dákẹ́ báyìí.

Ìbéèrè mìíràn: ní Ouidah, ọ̀rẹ́ wa kan ní òun ò ní wọ ilé ejò o, òun kì í ṣe ẹlẹ́ṣìn ìbílẹ̀. Ṣé dandan ni? Ṣé ilé ejò nìkan ló wà níbẹ̀?

AkédeÒpópó
Kò sí dandan ńbẹ̀. Òjòlá kéékèèké ni wọ́n, wọn ò lóró, wọn kì í sì í fi tipátipá gbé wọn kọ́ èèyàn lọ́rùn. Ẹni tó bá fẹ́ ni wọ́n ń fi kọ́ lọ́rùn fún àwòrán. Ẹ béèrè iye owó àwòrán kẹ́ ẹ tó yọ fóònù, torí ó yàtọ̀ sí owó ìwọlé. Ọ̀rẹ́ yín lè jókòó dè yín nínú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àwọn Kátólíìkì tó dojú kọ ilé ejò yẹn, títì ló kàn pín wọn níyà. Ohun tí mo fẹ́ràn jù ní Ouidah gan-an nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń bá ẹnì kejì jà.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà ẹrú ni kẹ́ ẹ torí ẹ̀ lọ. Ó tó kìlómítà mẹ́rin láti gbàgede Chacha, níbi tí wọ́n ti ń ta èèyàn, títí dé etí òkun. Ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi rìn ín, láàárọ̀ kùtù kí oòrùn tó mú, kẹ́ ẹ gba ẹni tó máa ṣàlàyé fún yín. Ẹ máa dé ibi igi ìgbàgbé, tí wọ́n ní ọkùnrin ń yí ká lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án, obìnrin lẹ́ẹ̀méje, kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Lópin rẹ̀ ni Ẹnu Ọ̀nà Àìpadàbọ̀ tí wọ́n kọ́ ní 1995 wà, tó kọjú sí omi. Ní 1860, Ouidah yìí ni wọ́n ti kó Kossola sínú ọkọ̀ Clotilda, òun tí wọ́n wá ń pè ní Cudjo Lewis ní Amẹ́ríkà. Ọmọ Yorùbá ni, àwọn onímọ̀ ní apá Bantè ní Benin ló ti wá. Lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà parí, tí wọ́n gba òmìnira, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá owó padà sílé títí, wọn ò rí, ni wọ́n bá ra ilẹ̀ ní Alabama, wọ́n sọ ọ́ di Africatown. 1935 ló kú. Ní 2019 ni wọ́n kéde pé àwọn ti rí àfọ́kù ọkọ̀ náà nínú odò ní ìlú Mobile, ní Alabama. Ẹ ka ìtàn yẹn kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ ò ní lè rìn kìlómítà yẹn kẹ́ ẹ máa ya sẹ́lífì ẹ̀rín.

Iṣẹ́ àtúnṣe ńlá ti ń lọ ní Ouidah láti ọdún mélòó kan, pàápàá lápá etíkun àti ní odi àwọn Potogí. Ẹ béèrè ohun tó ṣí kẹ́ ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni. Ẹ ò sì ní bá ọdún Vodun, ti ẹ̀sìn ìbílẹ̀ wọn, oṣù Kìn-ín-ní ni tiyẹn.

Ṣẹ̀gilọlá
Àti Ganvié! Ẹ má kúrò ní Kútọnu láìdé orí adágún Nokoué. Èbúté Abomey-Calavi ni wọ́n ti ń wọkọ̀. Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń já tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ má tẹ̀ lé ọmọkùnrin tó sáré pàdé yín lójú títì. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni kí ẹ̀yin márààrún gbà, ó dín owó kù. Àwọn Tofinu tó ń gbé ibẹ̀, ìkónilẹ́rú ló lé àwọn baba wọn wọ orí omi. Ẹ̀ka igi tẹ́ ẹ máa rí tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ káàkiri, ilé tí wọ́n ń kọ́ fún ẹja ni, ẹja á wá sá síbẹ̀, wọ́n á wá fi àwọ̀n yí i ká. Ẹ ṣọ́ fóònù yín o: àwọn ìyá tó ń tajà nínú ọkọ̀ máa ń tẹ fìlà koríko ńlá wọn wálẹ̀ bo ojú ní kété tí wọ́n bá rí kámẹ́rà. Ẹ kí wọn, ẹ ra nǹkan, ẹ tọrọ àyè. Bí wọ́n bá ní rárá, rárá náà ni.

Kọ́láLegon
Tẹ́ ẹ bá máa ya nǹkan, ère Amazon, obìnrin ológun Dahomey, ni kẹ́ ẹ lọ yà ní Kútọnu, mítà 30 ni gíga rẹ̀, 2022 ni wọ́n ṣí i. Ṣùgbọ́n ilé ààrẹ ò jìnnà síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí sójà kankan bọ́ sínú fọ́tò yín. Ní bodè náà, fóònù nínú àpò.

Ọ̀rẹ́Àṣàkẹ́
Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni ẹnì karùn-ún tí páṣípọ́ọ̀tì rẹ̀ ń bọ̀ lọ́nà. Báwo lèèyàn ṣe ń jẹun níbẹ̀? Kí sì ni wọ́n ń gùn láàárín ìlú?

Bọ̀dáKútọnu
Ebi ò ní pa yín. Ẹ̀kọ wa ni wọ́n ń pè ní akassa, ẹ fi ẹja díndín àti ata lílọ̀ jẹ ẹ́. Ẹ béèrè amiwo, àgbàdo tí wọ́n fi tòmátò rò, tí wọ́n ń fi adìyẹ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wàrà àwọn Fúlàní tí wọ́n dín wà níbi gbogbo. Ní Lomé, wọ́n ń gún iyán gidi, ọbẹ̀ rẹ̀ ló kàn ṣàn jù fún ẹnu Èkìtì. Ẹ jẹun níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń jẹ lọ́sàn-án, kì í ṣe ilé oúnjẹ etíkun tí wọ́n kọ ọ̀wọ̀n sí lójú.

Zémidjan ni ọ̀kadà wọn. Ẹ dúnàádúrà kẹ́ ẹ tó gùn ún. Sẹ́fà ọgọ́rùn-ún mélòó kan ni ìrìn kékeré láàárín ìlú, ẹ máa mú ẹyọ owó dání torí wọn kì í ní ṣẹ́ńjì. Tẹ́ ẹ bá ní síìmù ibẹ̀, ẹ lo Gozem, ilé iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Lomé ní 2018, á sọ iye owó kẹ́ ẹ tó gbéra. Láàárín Kútọnu àti Àjàṣẹ́, Yorùbá máa gbé yín débi tó pọ̀, pàápàá nínú ọjà. Láti Grand-Popo lọ, ó máa ń dín kù. Ẹ kọ́ owó kíkà ní Faransé kẹ́ ẹ tó lọ, iyẹn nìkan ti tó.

Ṣẹ̀gilọlá
Grand-Popo tí gbogbo wa ń pariwo: ọkọ̀ tó ń lọ sí Hillacondji á já yín sí ìkóríta lójú títì ńlá, ẹ á wá gun zem wọlé dé etíkun. Ẹ ti ní sẹ́fà tó máa tó yín lọ́wọ́ láti Kútọnu kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Láàárọ̀, àwọn apẹja máa ń fa àwọ̀n ńlá wá sí ilẹ̀, ogún tàbí ọgbọ̀n èèyàn lórí okùn kan, orin ni wọ́n fi ń fà á. Ẹ bá wọn fà á. Wọ́n á fi yín rẹ́rìn-ín, ọwọ́ yín á bó díẹ̀, wọ́n á sì lè fún yín lẹ́ja. Lọ́sàn-án, ẹ gba ọkọ̀ ojú omi lọ sí Bouche du Roy, níbi tí odò Mono ti ń wọ òkun. Ilé àṣà kan tí àwọn ará Finland dá sílẹ̀, Villa Karo, tún wà lójú ọ̀nà etíkun, ẹ béèrè bí wọ́n bá ní eré lálẹ́. Kò sí páríì ńlá níbẹ̀. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn, ẹni tó bá fẹ́ páríì kó máa lọ sí Lomé.

Àṣàkẹ́Ifẹ̀
Ó ti yé wa. Accra ti kúrò (ẹ má bínú, bọ̀dá Kọ́lá). Òru méjì ní Kútọnu, ọ̀kan ní Ouidah, méjì ní Grand-Popo, ọ̀kan ní Lomé, ká padà sílé lọ́jọ́ Ajé Àjíǹde. A ti sọ fún bàbá. Ó ní òun fẹ́ nọ́ńbà awakọ̀.

Kọ́láLegon
Mo ti bínú. Ẹ kú orí ire.

Bọ̀dáKútọnu
Ètò yẹn dáa, nǹkan méjì ló kù. Aago Tógò fi wákàtí kan wà lẹ́yìn tiwa, ẹ fi sọ́kàn tẹ́ ẹ bá ń bá awakọ̀ àárọ̀ ṣàdéhùn ní Lomé. Ọjọ́ Ajé Àjíǹde sì jẹ́ ọjọ́ ìsinmi ní Nàìjíríà, Benin àti Tógò lápapọ̀, gbogbo ayé ló máa wà lójú ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bí ilé-ìwé bá gbà yín láyè, ẹ kúrò ní Lomé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, láàárọ̀. Tí kò bá gbà, ẹ sun Kútọnu mọ́jú ọjọ́ Ajé, kẹ́ ẹ dé bodè kí aago méje tó lù.